Màámi Kì Í Béèrè Àkọ́so

Inú ń bí mi o! Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Igi kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa l'Ékìtì. Èso rẹ̀ ni Màámi fi ń ṣe ìpara tí wọ́n ń tà fún ẹni tí iná bá jó. Ìpara yẹn ló rán èmi Olúrónkẹ́ níléèwé. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kan wá láti Padova ní Ítálì, Màámi gúnyán fún wọn, wọ́n tún di irúgbìn fún wọn láìgba kọ́bọ̀. Nílé tiwa, a kì í ta irúgbìn fún àlejò. Ẹni tó bá gbà á ló máa gbé àkọ́so wá, ẹni tó fúnni kì í sì í béèrè. Ìtìjú ńlá ni.

Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ tó gbé àwọn onímọ̀ yẹn wá ti gba ìwé àṣẹ pé àwọn ló ni ìpara náà. Wọ́n rán lọ́yà sí abúlé pé kí Màámi má tà á mọ́. Kí ni kí ìyá mi máa wá jẹ?

Mo gba ferie, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ní magazzino ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Settimo, ní Ítálì kan náà, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá ilé-iṣẹ́ náà ní Padova. Sofia, lọ́yà mi, ti kìlọ̀ pé àfi kí Màámi fúnra wọn sọ pé àdéhùn wà. Mo ti bẹ Màámi títí lórí fóònù: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ àkọ́so!"

Dàmọ́lá, ọmọ Yorùbá tí ilé-iṣẹ́ ní kó wá ṣe ògbufọ̀, pe Màámi lórí WhatsApp. Ó kí wọn dáadáa. "Mà, kí lẹ ní kí wọ́n fún yín nítorí irúgbìn yẹn?"

Màámi tún gèlè wọn ṣe. "Kí ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ àlejò? Ọ̀fẹ́ ni. Olúwa á bùkún un fún wọn."

"Regalo," ni Dàmọ́lá wí. Ó ní ẹ̀bùn ni.

"Màámi! Àkọ́so ńkọ́? Ẹ sọ fún wọn!"

"Olúrónkẹ́, jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú àlejò ni?"

Yéè! Mo káwọ́ lérí. Mo fẹnu ara mi ṣàlàyé àkọ́so fún wọn, àmọ́ ọ̀gá wọn ní ẹni tó ni igi ti sọ̀rọ̀. Sofia ti ń palẹ̀ báàgì rẹ̀ mọ́.

Màámi wá sún mọ́ fóònù. "Rónkẹ́, bá mi bi wọ́n, ṣé ó ti so lọ́dọ̀ wọn?"

Ibi tí ẹni tó fúnni lè sọ̀rọ̀ dé nìyẹn lábúlé wa. Omi dà lójú mi. Mo bi ọ̀gá náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti so gan-an.

"Wọ́n ní ó ti so, Màámi."

"Ọpẹ́ ni. Sọ fún wọn pé mo wà nílé."