Ọ̀bẹ Ìyá Filáínì Níwájú Adájọ́

ÀPÁÀDÌ 3
(etí rẹ̀ kan ti kán)

…nítorí náà, fún odindi oṣù kan, eré sísá nìkan ni Sópólì fi ń dánra wò. Òun ni gègé mú. Òun ni yóò ṣá akọ màlúù òrìṣà Séúsì ní ìletò Líkónà ní ọdún yìí. Àṣà sì ni pé bí ẹni tí gègé mú bá ti ṣá màlúù tán, kí ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, kí ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ bí apànìyàn.

Sópólì kì í fi ọ̀ràn òrìṣà ṣeré. Ní òròòwúrọ̀, ó ń sáré láti ibi pẹpẹ dé ìdí igi ólífì mẹ́ta, ó sì ń sáré padà. Ó ṣètò ẹsẹ̀. Ó ṣètò èémí. Ó ṣètò ibi tí yóò ti yà, kí ó má baà fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò. Àwọn ewúrẹ́ pàápàá mọ àsìkò rẹ̀, wọ́n a sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan fún un.

Kò ronú nípa ọ̀bẹ.


ÀPÁÀDÌ 4

Ọ̀bẹ pẹpẹ ti dípẹtà. Èèkù rẹ̀ bọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún gan-an.


ÀPÁÀDÌ 5
Àwọn ohun mímú tí Sópólì rí nínú ilé ìdáná ìyá ìyàwó rẹ̀

— dòjé kan, eyín rẹ̀ ti ká
— okùn tín-ín-rín kan
— ahọ́n Ìyá Filáínì (kò sí nílé; ó lọ sí odò)
— ọ̀bẹ idẹ, èèkù ìwo àgbọ̀nrín, ó mú tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin kì í fi í bà lé e

Ó mú èyí tí ó kẹ́yìn.


ÀPÁÀDÌ 6
ÌKÉDE, láti ẹnu Telefánè, àlùfáà Séúsì

Àwọn wúńdíá yóò pọn omi.
Búlónì yóò fi omi náà pọ́n ọ̀bẹ.
A ó da ọkà bálì sórí tábìlì idẹ. Màlúù tí ó bá jẹ ọkà Séúsì ti jẹ̀bi.
Ẹni tí gègé mú yóò ṣá a, yóò sì sá lọ.
A ó jẹ ẹran. Séúsì yóò gba egungun àti ọ̀rá, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbà á láti ọjọ́ tí ènìyàn ti rẹ́ ẹ jẹ nínú pípín ẹran.
A ó fi koríko kún awọ màlúù, a ó rán an, a ó gbé e dìde, a ó so ó mọ́ ohun ìtulẹ̀.
Lẹ́yìn èyí ni a ó wá ẹni tí ó pa á.
A ó wá a títí a ó fi dá ọ̀bẹ lẹ́bi.
A ó ju ọ̀bẹ sínú òkun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín.


ÀPÁÀDÌ 7

Ní ayé àtijọ́, kò sí ẹni tí ó jẹ́ pa màlúù tí ń túlẹ̀, nítorí alábàáṣiṣẹ́ ènìyàn ni. Ní ọjọ́ kan, màlúù kan ti oko dé, ó sì jẹ ọkà tí àgbẹ̀ kan tẹ́ kalẹ̀ fún Séúsì. Inú bí àgbẹ̀. Ó gbá ohun mímú tí ó sún mọ́ ọn jù lọ mú. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó sin màlúù náà bí a ti ń sin ènìyàn, ó sì sá lọ sí erékùṣù Kírétè.

Òjò kọ̀, kò rọ̀.

Wọ́n lọ béèrè lọ́dọ̀ òrìṣà ní Délífì. Òrìṣà ní: Ẹ fìyà jẹ ẹni tí ó pa á. Ẹ gbé òkú dìde. Kí gbogbo yín sì jẹ nínú ẹran náà. Wọ́n wá àgbẹ̀ náà rí. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ìlú ni ó pa màlúù, a jẹ́ pé kò sí ẹni tí wọ́n lè lé. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pín ẹ̀ṣẹ̀ náà láàrin ara wọn, tí ọ̀kan ń nawọ́ sí èkejì, títí yóò fi kan ẹni tí kò lẹ́nu.


ÀPÁÀDÌ 8

Màlúù pupa kan jẹ ọkà. Sópólì ṣá a. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó sáré.

Eré náà dára. Àwọn àgbààgbà pàápàá mi orí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan gbòǹgbò kankan. Ó kọjá igi ólífì kìíní, ó kọjá ìkejì, ó dé ìdí ìkẹta, ó sì rántí ìlà inú ìkéde tí ó ní a ó ju ọ̀bẹ sínú òkun.

Ó dúró.

Àwọn ewúrẹ́ wò ó. Kì í dúró níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.


ÀPÁÀDÌ 9
(Filáínì, ìyàwó Sópólì, ni ó kọ ọ́)

Màámi ti ti odò dé. Wọ́n ń wá ọ̀bẹ wọn. Mo ní n ò mọ̀. Jọ̀ọ́, kí ni mi ò mọ̀?


ÀPÁÀDÌ 10
(òun náà ni ó kọ ọ́)

Wọ́n ti mọ̀.


ÀPÁÀDÌ 11
Ẹnu ọ̀nà ilé. Oòrùn wà ní àtàrí.

SÓPÓLÌ: Ẹ dákun, Màámi. Mo di eékún yín mú.

ÌYÁ FILÁÍNÌ: Tú eékún mi sílẹ̀, ó ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Ọ̀bẹ mi dà?

SÓPÓLÌ: Ó wà ní àtìmọ́lé.

ÌYÁ FILÁÍNÌ: Ọ̀bẹ?

SÓPÓLÌ: Wọ́n dè é mọ́ òpó pẹpẹ. Wọ́n ní ó pa màlúù.

ÌYÁ FILÁÍNÌ: Ìwọ ńkọ́?

SÓPÓLÌ: Èmi ti sá lọ.

ÌYÁ FILÁÍNÌ: Ìwọ rèé níwájú mi.

SÓPÓLÌ: Mo sá lọ ní ti àṣà ni, Màámi.

ÌYÁ FILÁÍNÌ: Nígbà tí òkun gbé bàbá ìyàwó rẹ, ọkọ̀ ẹ̀ padà lófìfo. Ọ̀bẹ yẹn nìkan ló wà nínú ẹ̀. Òkun ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Kò ní gba méjì. Gbọ́ o, ọkọ Filáínì: bí oòrùn bá wọ̀ tí ọ̀bẹ mi ò wọlé, ọmọ mi ló máa wọlé dípò ẹ̀.

FILÁÍNÌ (láti inú ilé): Ṣé ẹ ti bi mí ni?

ÌYÁ FILÁÍNÌ: Dákẹ́ ńbẹ̀, mò ń fi ẹ́ halẹ̀ ni.


ÀPÁÀDÌ 12

Ó sọnù. Àwọn kan ní Sópólì sunkún nínú rẹ̀. Àwọn kan ní kò sunkún.


ÀPÁÀDÌ 13
ÌGBẸ́JỌ́, níwájú Telefánè. Màlúù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, pẹ̀lú koríko nínú.

TELEFÁNÈ: Ta ló pa màlúù?

MÍRITÒ (apọnmi): Kì í ṣe àwa o. Omi la pọn. Ẹ bi ẹni tó fi omi pọ́n ọ̀bẹ.

BÚLÓNÌ: Èmi náà kọ́. Mo pọ́n ọn, n ò ní kó lọ gé ẹnikẹ́ni. Ẹ bi ẹni tó mú un dání.

(Sópólì ń wo oòrùn.)

TELEFÁNÈ: Sópólì, ó kàn ọ́. Gbogbo wa la mọ ohun tí o máa sọ.

SÓPÓLÌ: Mò ń bọ̀, Bàbá.

BÚLÓNÌ: Sọ pé ọ̀bẹ ni, jàre! Kí wáìnì tó kan!

TELEFÁNÈ: Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó tán. Ọ̀bẹ, ìwọ ńkọ́? Ṣé o ní nǹkan láti sọ?

(Ọ̀bẹ kò fèsì.)

ÌYÁ FILÁÍNÌ: Ó ní.

TELEFÁNÈ: Ta nìyẹn?

ÌYÁ FILÁÍNÌ: Ẹnu ọ̀bẹ.

TELEFÁNÈ: Ìyá Filáínì, obìnrin kì í rojọ́ níbí.

ÌYÁ FILÁÍNÌ: Bàbá, ọ̀bẹ lẹ ń bá ṣẹjọ́. Màlúù koríko ló dúró ṣẹlẹ́rìí yín. Èmi tí mo ń mí lẹ ò wá fẹ́ gbọ́ ohùn mi?

(Ẹ̀rín. A ti kìlọ̀ nípa ẹ̀rín.)

TELEFÁNÈ: Sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kó kúrú.

ÌYÁ FILÁÍNÌ: Ọdún mọ́kàndínlógún ni ọ̀bẹ yìí fi wà lọ́wọ́ mi. Wàràkàṣì ló ń gé. Àlùbọ́sà ló ń gé. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi rí, àfi ìgbà tó bọ́ sọ́wọ́ àna mi. Ta wá lọ̀daràn níbẹ̀?

SÓPÓLÌ: Màámi!

ÌYÁ FILÁÍNÌ: Ọ̀bẹ ni mò ń gbà sílẹ̀, n ò tíì dé orí ẹ. Lórí òkè Árésì ní Áténì, ọmọ ọba tó fọwọ́ ara ẹ̀ pa ìyá tó bí i, wọ́n dá a sílẹ̀. Òrìṣà Àtẹ́nà fúnra ẹ̀ ló dìbò fún un. Ọ̀bẹ tèmi, màlúù ló pa. Màlúù ọ̀hún ò tilẹ̀ bí i.

TELEFÁNÈ: Bí ọ̀bẹ ò bá jẹ̀bi, ọwọ́ tó mú un ló jẹ̀bi. Ẹni tó lọ́wọ́ yẹn á fi Líkónà sílẹ̀ títí láé. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?

ÌYÁ FILÁÍNÌ: Ta ló sọ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ̀bi? Òrìṣà ní kí ẹ gbé òkú dìde. Ẹ ti gbé e dìde. Òun ló dúró nídìí ohun ìtulẹ̀ yẹn. Ta ló wá kú?

(Gbogbo ènìyàn wo màlúù.)


ÀPÁÀDÌ 14

Màlúù náà kò fèsì.


ÀPÁÀDÌ 15
ÌBÒ

Òkúta dúdú: ọ̀bẹ jẹ̀bi. Òkúta funfun: ọ̀bẹ kò jẹ̀bi.

Láti ọdún mẹ́tàlélógún tí Telefánè ti ń ṣe adájọ́, dúdú ni gbogbo rẹ̀. Nínú ìkòkò òkúta funfun ni aláǹgbá kan ń gbé.

Ní ọdún yìí, nínú ìbò àgbààgbà méjìlá: dúdú mẹ́fà. Funfun mẹ́fà. Aláǹgbá kan, inú ń bí i.

Àṣà sì fún ẹni tí gègé mú ní ìbò kan. Òun ni ó máa ń dì í kẹ́yìn. Láti ayébáyé, ìbò rẹ̀ kò wúlò fún ohunkóhun rí.


ÀPÁÀDÌ 1
(ìgbà yìí ni a tó rí i)

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó Sópólì, ọ̀bẹ yìí kan náà ni Ìyá Filáínì fi gé àkàrà yánmọtí. Ó nu ọ̀bẹ mọ́ aṣọ rẹ̀. Ó ní: “Ohun méjì ni mo ní láyé: ọmọ kan, ọ̀bẹ kan. Ọmọ ni mo fún ọ.”


ÀPÁÀDÌ 16

Sópólì dúró níwájú ìkòkò méjèèjì. Òkúta dúdú wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Funfun wà ní òsì. Bí ó bá sọ dúdú, òkun gba ọ̀bẹ, ìyàwó rẹ̀ sì padà sílé ìyá rẹ̀. Bí ó bá sọ funfun, ọ̀bẹ padà sílé, òun náà sì di ìsáǹsá, kì í ṣe ti àṣà mọ́. Oòrùn ti fara kan orí omi.

Ó wo Ìyá Filáínì. Ìyá Filáínì wo ọ̀bẹ.

Ó wo Filáínì. Filáínì ti di okùn bàtà rẹ̀ le, ó sì ti ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún, bí ẹni tí ń lọ sí odò. Kò gbé ìkòkò omi.

Ó wo òpó. Ọ̀bẹ náà mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó ti gé okùn ara rẹ̀ dé ìdajì.


ÀPÁÀDÌ 17

Oṣù kan gbáko ni ó fi dánra wò.


ÀPÁÀDÌ 18
Ohun tí a rí nílẹ̀: òkúta dúdú kan, òkúta funfun kan, okùn gígé.
Ohun tí a kò rí: Sópólì, Filáínì, ọ̀bẹ, apẹja kan, àti ọkọ̀ rẹ̀.

MÍRITÒ: Ọ̀tún ni wọ́n yà sí.

BÚLÓNÌ: Irọ́ ni, òsì ni. Ẹ wò ó, mo ti rí eré rí, ṣùgbọ́n irú èyí! Kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò!

TELEFÁNÈ: Búlónì, ta lo ń yìn?

BÚLÓNÌ: Mo dákẹ́.

(A kò bi àwọn ewúrẹ́.)


ÀPÁÀDÌ 19
ÌKÉDE, láti ẹnu Telefánè

Ọ̀bẹ kò sí, ọwọ́ kò sí, màlúù sì dúró láìní ẹni tí ó pa á. Séúsì ń bínú. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé òjò kò rọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òjò kì í rọ̀ ní oṣù yìí tẹ́lẹ̀.

A ń wá ọ̀bẹ fún ọdún tí ń bọ̀. Kí ẹni tí yóò mú un wá kọ́kọ́ bi ìyá ìyàwó rẹ̀.


ÀPÁÀDÌ 20
(Ìyá Filáínì ni ó sọ ọ́, Míritò ni ó kọ ọ́, atukọ̀ kan ni ó mú un lọ)

Sí ọkọ Filáínì, ní Kírétè.

Mo ní Kírétè nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá pa màlúù ń sá lọ. O ò lè ronú ibòmíì.

Dá ọ̀bẹ mi padà. Má fi rán ẹnikẹ́ni. Filáínì lè dúró tì ẹ́, n ò bínú mọ́. Ṣé ó ń jẹun? Kì í fẹ́ kí wọ́n fi ata ilẹ̀ sí ẹ̀wà òun. Okùn ni mo fi ń gé wàràkàṣì báyìí, ó ń rí wọ́gọwọ̀gọ.

N ò mọ ohun tí mo ń rò lọ́jọ́ yẹn, tí mo ń pariwo pé kí ọ̀bẹ má dé òkun. Ẹ ti gbé méjèèjì lọ sórí òkun.

Kọ̀wé kíá.


ÀPÁÀDÌ 21
(omi gbé e wá sí èbúté, ìdajì ni)

Màámi, a kí yín o. Ìjì mú wa ní ọjọ́ kejì. Apẹja ní ohun kan wà nínú ọkọ̀ tí òkun ń béèrè, pé bí a ò bá fún un, yóò mú èyí tó wù ú. Filáínì wo ọ̀bẹ. Èmi wo Filáínì. Màámi, ẹ má bínú, mo rántí ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa, mo sì mú


ÀPÁÀDÌ 22

Ní òròòwúrọ̀, Ìyá Filáínì ń rìn ní etí òkun, ó ń wá ìdajì tí ó kù. Ó ń ṣa gbogbo àpáàdì tí omi bá tì jáde: etí ìkòkò, ìdí àwo, ọrùn agbè. Ó ń tò wọ́n mọ́ ti Sópólì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí èyí tí ó bá a mu.


ÀPÁÀDÌ 23

Ní ọjọ́ kọkànlá tí ó ti ń ṣa àpáàdì, ní oṣù tí òjò kì í rọ̀, òjò rọ̀.

Telefánè kúnlẹ̀. Búlónì gbé wáìnì jáde. Ọkà bálì hù láti ojú rírán awọ màlúù, ó rú gbùgbù. Gbogbo Líkónà ń jó nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń pariwo pé òkun ti gba tirẹ̀, pé Séúsì ti gba ẹ̀bẹ̀, pé ẹjọ́ ti parí.

Ìyá Filáínì dúró nínú òjò pẹ̀lú àpáàdì lọ́wọ́. Ó ń bi ẹni gbogbo tí ó bá jó kọjá níwájú rẹ̀ pé:

“Èwo ló gbà?”