Sárì Funfun Elétí Pupa

Mavji kì í gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lónìí, títí ọdún mẹ́wàá ni yóò máa na ẹsẹ̀ náà sí ọ kí o lè rí i. Gbogbo àdúgbò àwọn oníṣẹ́ idẹ nílùú Jamnagar, ní Íńdíà, ló mọ̀ ọ́n mọ́ ìwà yìí, wọn kì í sì í bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ìbínú tó ń bí i sí Kinnari, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, kò dà bí àwọn yòókù, nítorí èyí ń dun òun fúnra rẹ̀. Láti ìgbà ọdún Navratri tó kọjá, kò mu omi nílé ọmọ náà mọ́.

Kinnari gé aṣọ ni. Ṣùgbọ́n panetar ni aṣọ náà, sárì ṣẹ́dà funfun elétí pupa tí ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó lọ́kùnrin máa ń rà fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Mavji ò bímọ. Lọ́dọ̀ òun àti Jivi ìyàwó rẹ̀ ni Kinnari ti ń lo ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ láti kékeré. Jivi kú kí ọmọ náà tó lọ́kọ, nítorí náà Mavji nìkan ló lọ yan sárì náà, tó tú aṣọ àwọn ọlọ́jà wò títí wọ́n fi ń sá fún un. Òun náà ló mú ọmọ lọ síbi iná ìgbéyàwó tí tọkọtaya máa ń yí po. Àfi bí Navratri ṣe dé, tó jókòó níbi tí àwọn obìnrin ti ń jó yípo, tó rí sárì náà tó ti di yẹ̀rì, tó ń fẹ́ fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ nídìí Kinnari. Ó dìde, ó gba ilé lọ.

Nígbà tí oyún Kinnari wọ oṣù keje, Rambha ìyá rẹ̀ wá bá Mavji, ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀la la máa kó ìrẹsì àti àgbọn sórí itan ọmọ yín láti fi súre fún oyún rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá.”

“Ṣebí panetar làwọn aboyún máa ń wọ̀ fún ìyẹn, àbí wọ́n ti yí i padà?”

“Panetar náà ni.”

“Èwo ló wá fẹ́ wọ̀? Èyí tó fi jó?”

“Ẹ ò ní jẹ́ kọ́rọ̀ yìí tán.”

“Tí ewúrẹ́ bá jẹ aṣọ mi, màá bínú sí ewúrẹ́. Ọmọ tiẹ̀ gbọ́n ju ewúrẹ́ lọ.”

Rambha fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. “Ó ní tí ẹ ò bá wá, òun ò ní jókòó.”

“Kó dúró nígbà náà.”

“Ó dáa. Ọmọ tó bá wá bí ńkọ́? Ojú wo lẹ máa fi wo ìyẹn?”

Nígbà tí Rambha lọ tán, Mavji lọ síwájú àpótí irin tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Panetar Jivi wà nínú rẹ̀, odindi, tí ẹnikẹ́ni ò fi àlùmọ́gàjí kàn rí. Yóò gbé e lọ. Kí gbogbo èèyàn rí bí aṣọ tí wọ́n tọ́jú ṣe ń rí, kí ojú sì ti ẹni tó yẹ kó tì.

Nígbà ayé Jivi, lọ́dọọdún kí ọdún Diwali tó dé, yóò kó sárì náà jáde, yóò tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, yóò sì tún un ká níbi tí kò ti ká a tẹ́lẹ̀. Mavji á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ tí kò dọ̀tí, kí ló ń tún ká? Jivi á ní, “Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn títí ilẹ̀ mọ́, ṣé ara ò ní ro yín?”

Láti ìgbà tó ti kú, Mavji ò jẹ́ kí ọwọ́ kankan kan aṣọ náà, títí kan ọwọ́ tirẹ̀.

Ó gbé e sókè. Ó gbọ́ ìró kan bíi ti ewé gbígbẹ. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ká a ló ya, láti òkè délẹ̀, tó wá di abala abala lọ́wọ́ rẹ̀. Kòkòrò kan ò jẹ ẹ́. Eku ò dé ibẹ̀. Ìtọ́jú ló pa á. Mavji jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ náà lórí itan, kò sì mọ ìgbà tí tíì tó gbé kaná gbẹ.

Lọ́jọ́ kejì, ó di àwọn abala náà sínú aṣọ kan, ó gba ilé Kinnari lọ. Àwọn obìnrin ti kún pálọ̀. Nínú yàrá ló ti bá ọmọ náà, ó wọ sárì funfun elétí pupa, ó gùn délẹ̀.

“Bàbá! Ẹ mà wá!”

“Mi ò wá. Aṣọ ni mo gbé wá.”

“Ẹ kúkú jókòó tì í, kó má baà dá wà.”

Mavji le ojú kí ẹ̀rín má baà bọ́. “Sárì ta lo wọ̀ yìí?”

“Tiyín ni.”

“Irọ́. Ìyẹn ti di yẹ̀rì.”

“Mo ti tú yẹ̀rì. Kò tiẹ̀ wọ ìdí mi mọ́, ẹ ò rí ikùn?” Ó ṣí ìṣẹ́po sárì náà díẹ̀. Aṣọ òwú funfun lásán ló rán dí ibi tó ti gé e nínú, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í rí. Lẹ́yìn náà ló fa apá tó wà léjìká rẹ̀ wá síwájú. “Mi ò gé ibí yìí rí. Ẹ wò ó.”

Àmì dúdú kan wà ní etí rẹ̀, ó tó àtàǹpàkò. Dúdú iṣẹ́ idẹ ni, irú èyí tí ọṣẹ kì í mú kúrò lọ́wọ́ Mavji.

“Ibẹ̀ lẹ dì mú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ mú mi lọ síbi iná.”

“Kí ló dé tó ò fọ̀ ọ́?”

“Ta ló máa fọ̀ ọ́?”

“Kí ló wá dé tó o fi gé ìyókù?”

“Mo fẹ́ máa wọ̀ ọ́ ni, Bàbá. Tó bá wà nínú àpótí, ìgbà wo ni mo máa rí i?”

Mavji tú ìdì tó gbé wá. Kinnari mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, ó rọra fi ọwọ́ kan àwọn abala náà.

“Mo fẹ́ fi dójú tì ọ́ ni,” ni Mavji wí. “Èmi ló wá dójú tì.”

Ara funfun aṣọ náà ń ya bí Kinnari ṣe ń fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n nígbà tó fa etí pupa, kò já. “Etí rẹ̀ ṣì le. Tí mo bá rán an mọ́ aṣọ òwú, ó máa di ìbora ọmọ.” Ó ń wo ojú Mavji. Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Àwọn obìnrin ń pè é láti pálọ̀.

“Gé e,” ni Mavji wí. “Ṣùgbọ́n àlùmọ́gàjí tó mú dáadáa ni kó o lò. Má fi èyí tó ń fa aṣọ ya gé aṣọ Jivi.”

Kinnari kó àwọn abala náà sínú apá sárì tó wà léjìká rẹ̀, ó sì kó wọn lọ jókòó. Orí wọn ni ìrẹsì àti àgbọn bọ́ sí. Mavji jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí ògiri. Rambha gbé omi tọ̀ ọ́ wá, ó kàn na kọ́ọ̀bù sí i.

Mavji wo omi náà títí.

“Kò tutù,” ló wí. Ó mu ún tán, ó sì na kọ́ọ̀bù náà padà pé kó tún bu òmíràn wá.