Linux Tí Mo Fetí Yàn

Bí àbúrò mi bá fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ẹ yáa wá àga jókòó, ẹ ò tíì ń lọ sílé nìyẹn. Ẹ̀yà-Tuntun ni mo ń pè é, torí kò sí èyí tó jáde láàárọ̀ tí kò ní í wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún kọ̀ǹpútà ṣe, òun ló sì ń tún tèmi ṣe láti ọjọ́ tí mo ti ní in. Èmi ò ríran. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbọ́ ohùn ìpàdé tí àwọn èèyàn gbà sílẹ̀, kí n máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Pẹ́dà kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi tí mo fi ń dá ohùn náà dúró, tí mo sì fi ń dá a padà sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà á wá máa ka ohun tí mo tẹ̀ sí mi létí.

Lọ́jọ́ kan, dísìkì tó gbé gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi kú, iṣẹ́ dúró. Ẹ̀yà-Tuntun gbé dísìkì tuntun wá, ó ki í bọ inú ẹ̀rọ, ló bá da àwọn fúláàṣì tí oríṣiríṣi Linux wà nínú wọn sórí tábìlì mi. Ẹni tó bá gbọ́ Linux kó má rò pé nǹkan kan ṣoṣo ni o. Ìdílé ni. Ọmọ pọ̀ níbẹ̀, kálukú ló ní ìwà tirẹ̀ àti bó ṣe ń di ẹrù rẹ̀. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í yìn wọ́n: àwọ̀ tibí tutù, fèrèsé tọ̀hún ń ṣí wẹ́rẹ́. Ọkọ mi, tí kò mọ̀ ju bó ṣe ń tan fáànù lọ, ń dá sí i pé èyí mà dáa o, ìyẹn náà dáa. Mo ní kí àwọn méjèèjì rọra. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tèmi, etí ló wà.

Mo wá bi àbúrò mi pé, “Tí èèyàn bá ń fi wọ́n sórí ẹ̀rọ, èwo nínú wọn ló máa ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò dán ìyẹn wò rí. Ṣebí èmi ni mo máa ń bá yín fi í síbẹ̀.”

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti dùbúlẹ̀, èmi náà á jókòó tẹtẹrẹ, á máa dúró de ojú ẹlòmíì. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi gbé e dìde, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé mi. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àwa tí a ò ríran ti sọ fún mi pé kí n mú Debian, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìdílé yẹn: tí mo bá tan ẹ̀rọ tó dún píì, kí n tẹ s, kí n tẹ Enter, yóò fọhùn.

Nígbà tí mo ní Debian ni mo fẹ́, àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ti àwọn àgbàlagbà nìyẹn, pé kí ló dé tí mi ò mú Fedora, ọmọ ìdílé náà tí òun ń lò. Ó ní bí mo bá tiẹ̀ máa mú un, kí n má fi deb, bí Debian ṣe ń di ẹrù tirẹ̀, gba sọ́fíwia tí mo fi ń ṣiṣẹ́, flatpak ni kí n lò, torí inú àpótí tirẹ̀ ló máa ń wà, kò sì sí ìdílé tí kò lè gbé e. Mo ní mo mọ àpótí yẹn dáadáa. Èyí tó fi sí i fún mi nígbà kan, sọ́fíwia ti ilẹ̀kùn mọ́rí sínú yàrá, pẹ́dà mi wà níta tó ń kanlẹ̀kùn. Deb ní tirẹ̀ á jókòó sí pálọ̀, á kí gbogbo ará ilé. Ó ní ká kàn fún pẹ́dà náà ní àyè láti wọlé ni. Mo ní mi ò ní máa tọrọ àyè fún ẹsẹ̀ ara mi.

Ó fi Debian sórí fúláàṣì kan fún mi, ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé wá fi í sí i.

Ta ló fẹ́ dúró de Sátidé? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ki fúláàṣì bọ ara ẹ̀rọ, mo tàn án. Ó dún píì. Mo tẹ s, mo tẹ Enter. Kẹ́kẹ́ pa. Ọkọ mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé kí òun wá bá mi ka ohun tó wà lójú rẹ̀. Mo ní kó dúró síbẹ̀ yẹn. Mo fọwọ́ tọ okùn ìyápíìsì mi lọ títí, àṣé inú fóònù tó wà lápò mi ló ti wọlé sí! Mo tú u, mo ki í sára kọ̀ǹpútà, mo tún un bẹ̀rẹ̀.

Ohùn kan dún, ó ń há bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, ó ní èdè wo ni mo fẹ́. Mo sunkún. Ojú ò tì mí láti sọ ọ́. Ó ń bi mí, mo ń dá a lóhùn. Nígbà tó kan dísìkì, mo ní kó tún un sọ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án, mo fi deb gba sọ́fíwia mi, mo tẹ pẹ́dà. Ohùn alága kan ní, “Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ìpàdé.” Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun.

Ní Sátidé, Ẹ̀yà-Tuntun wọlé, ó bá mi lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ní, “Ta ló bá yín ṣe é?”

Mo ní èmi ni. Mo gbọ́ tó rọra gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé ó dùn ún. Ó ní kí wá ni kí òun ṣe báyìí. Mo ní kó jókòó. Mo yọ ìyápíìsì létí, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, mo bi í léèrè ìyàwó rẹ̀.

Ó fa àga jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti lóyún. Ó ti lé lóṣù mẹ́rin. Ó ti wà lẹ́nu mi tipẹ́, àmọ́ tí mo bá dé ibí, ẹ̀rọ yín ni mo máa ń kọjú sí títí mo fi máa lọ.”

Mo nawọ́, mo wá ojú rẹ̀ kàn. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo kígbe pe ọkọ mi pé kó wá gbọ́.