Òfin Ààrò

Ọláòtán lóṣòó síwájú ìsọ̀ Àsíátù ní Ọjà Olúwo, ó ṣí kọ̀ǹpútà lórí itan rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi àpótí lọ̀ ọ́.

"Ẹ kú ọjà, mà."

"Ọjà wo?" Àsíátù lé eṣinṣin kúrò lórí ẹja yíyan. "Láti ọjọ́ mẹ́ta, àwọn wọ̀nyí nìkan ni oníbàárà mi. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan sọ pé ẹja mi ti bàjẹ́."

"Èmi ni mo kọ òfin tó fi sọ bẹ́ẹ̀, mà."

Agnes, tó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, pàtẹ́wọ́. "Òun rèé! Mo ṣebí yóò ga ju báyìí lọ."

Ọláòtán tẹrí ba. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú yàrá tó háyà ní Ìkòròdú. Ó kó ọ̀rọ̀ ẹja ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja sínú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè, ní gbólóhùn kéékèèké: ẹja yìí ti inú ọkọ̀ yẹn wá; ẹja yìí wọ ààrò yẹn. Àwọn oníbàárà ń bi sáfà léèrè lórí fóònù bóyá ẹja kan dára. Òfin ni sáfà fi ń so gbólóhùn pọ̀ títí yóò fi mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Òfin kẹrin ló fi ń yangàn jù: bí ẹja kan bá bàjẹ́, gbogbo èyí tó bá a wọ ààrò kan náà bàjẹ́.

"Ṣé o ti dé ìdí ààrò rí?"

"Rárá, mà."

"Dìde."

Lẹ́yìn ìsọ̀, àwọ̀n irin mẹ́rin wà lórí ara wọn nínú ààrò, àkísà tó ní àwọ̀ tirẹ̀ sì wà létí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Pupa ni tèmi. Dúdú yẹn, ti Ṣẹ̀rífátù ni. Ọkọ̀ tó kó tirẹ̀ wá sùn sórí omi. Ẹja ti bàjẹ́ kó tó rí iná. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ẹgbẹ́. Owó igi la jọ ń dá, ọmọ mi, a kì í jọ ra ẹja."

Ọláòtán ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó pa ààrò rẹ́ nínú òfin kẹrin, ó fi ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀, ó tún bi sáfà léèrè. Ẹja Ṣẹ̀rífátù nìkan ló jáde. Ó wá kọ ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà: "Àṣìṣe Ọláòtán ni. Ẹja Àsíátù dára."

Kò pẹ́ tí fóònù Àsíátù fi dún. "Ẹni Ìkòròdú? Ogún? Ó wà ńlẹ̀!"

Bó ti ń di ẹja, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ Ọláòtán.

"Jókòó. Ka àwọn òfin yòókù sí wa létí."