Ọkọ̀ Tí Kò So Màrìwò

Ìbọn náà dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èjìká ni Kọ́púrà Boniface ti mọ̀ ọ́n kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ, Láńdírófà sì gbé e sókè nínú kòtò kan lójú ẹsẹ̀, tó fi jẹ́ pé kò lè sọ bóyá táyà ni ọta bà tàbí afẹ́fẹ́. Níwájú wọn, Pijó funfun náà kò yà, kò sì tàkìtì. Ó rọra dẹ eré, ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láàárín eruku pupa, ó sì dúró jẹ́ẹ́.

"Ẹ bà á, ọ̀gá!" ni Ọlámúyìwá, kọ́sítébù tó ń wa Láńdírófà, kígbe.

Boniface ń wo ẹsẹ̀ Pijó náà. Ó ti rí i pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ náà pé.

Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, nínú oṣù kejì ọdún 1981, ìròyìn ti dé pé àwọn adigunjalè gba Pijó funfun kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan, ọ̀nà Ọ̀wọ̀ ni wọ́n sì ń bọ̀. Boniface àti Ọlámúyìwá gbé igi dábùú ọ̀nà lẹ́yìn Ìjàgbà, wọ́n ń yẹ ọkọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ni Pijó yìí yọ. Wọ́n ti fi aṣọ bo fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀. Boniface nawọ́ sí i pé kó dúró. Awakọ̀ gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ igi kọjá, ó sì tẹná mọ́ ọn. Boniface fò sínú Láńdírófà, wọ́n gbá tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ní kó yìnbọn. Kò sì sẹ́ni tó ní kó má yìn ín, irú àlàfo bẹ́ẹ̀ sì ni wàhálà máa ń gbà wọlé.

Ọdún mọ́kànlá ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Okùn méjì ló wà lápá rẹ̀, lóṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò so ìkẹta mọ́ ọn, orúkọ rẹ̀ ti jáde. Agatha ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ ti ń pè é ní sájẹ́ǹtì nínú ilé, kò sì bá a wí.

Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, okùn ìwọnṣọ télọ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n pè é nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni, kò sì rántí bọ́ ọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìnbọn mọ́. Òkú ìyá mi la gbé."

Boniface gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ. Ihò kan wà lára ilẹ̀kùn, kò ju ìka kan lọ. Ó ṣí i. Lórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, wọ́n tẹ́ ìyá arúgbó kan ní ìbú, wọ́n fi ẹní àti aṣọ wé e. Lórí ìjókòó àárín, obìnrin kan jókòó, ó ti na ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó fi di èjìká òkú náà mú kó má baà yí ṣubú. Kò bojú wẹ̀yìn. Boniface tọ ojú ihò náà lọ, láti ara ilẹ̀kùn dé ara ìjókòó, láti ara ìjókòó dé inú ẹní. Ó ká aṣọ kúrò ní ìbàdí òkú. Ọta ti wọlé síbẹ̀. Ojú ibẹ̀ gbẹ, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan.

Ọpẹ́ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, ìtìjú sì gbá tẹ̀ lé ọpẹ́. Ọ̀rọ̀ tó wá ti ẹnu rẹ̀ jáde kò jọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

"Màrìwò yín dà?"

Wọ́n bí Boniface sí Ọ̀wọ̀, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Kò tíì rí ọkọ̀ tó gbé òkú tí kò so màrìwò síwájú rí. Àwọn Kátólíìkì ń so ó, àwọn Áńgílíkà ń so ó. Wọ́n so ó mọ́ ọkọ̀ tó gbé bàbá tirẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ katikísìmù. Bí ọlọ́pàá bá rí màrìwò, yóò gbé igi kúrò lọ́nà, yóò sì ṣí fìlà. Ọkọ̀ tí kò so nǹkan kan, tó fi aṣọ bo fèrèsé, tó sì sá, olè ni. Òun kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan mìíràn.

"Wọ́n so ó fún wa ní Ìfọ́n, nílé Kúbúrá àbúrò mi yìí," ni awakọ̀ náà wí. Rùfáì ni orúkọ rẹ̀. "Èmi ni mo já a dànù. Bàbá wa ò gbọdọ̀ rí i. Ó ní nǹkan ẹbọ ni, kò gbọdọ̀ sún mọ́ òkú Mùsùlùmí."

"Kí ló wá dé tó ò dúró?"

Rùfáì wolẹ̀. "Àwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ dá wa dúró lówùúrọ̀ tú ẹní. Wọ́n ṣí ìyá mi lójú sílẹ̀ létí ọjà, gbogbo ayé ń wò ó. Mo ní kò ní í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Boniface ronú pé bẹ́ẹ̀ náà ni ọta.

*

Ìnsípẹ́kítọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá wọn kì í ṣe ọmọ Ọ̀wọ̀. Kò fẹ́ràn ariwo, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n pe orúkọ àgọ́ òun níbi tí àwọn ọ̀gá ńlá wà. Wọ́n ti gbé Pijó náà sábẹ́ igi máńgòrò níwájú àgọ́. Kúbúrá kò sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀. Ìròyìn ti dé àárín ìlú, Ṣẹ̀fíátù, àbúrò olóògbé, ti dé pẹ̀lú aṣọ funfun lábíyá. Sàlàkọ́ tó jẹ́ ọkọ olóògbé dúró ti sàréè tí wọ́n ti gbẹ́. Lẹ́yìn ìrun alásárì ni wọ́n fẹ́ sin ín. Aago méjì ti lù.

"Òkú yìí kò lọ ibì kan," ni ìnsípẹ́kítọ̀ wí. "Bó bá kúrò níbí báyìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ọ̀wọ̀ á ti gbọ́ pé ọlọ́pàá yìnbọn pa ìyá arúgbó. Dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ọjọ́ Mọ́ńdè ni dókítà ń bọ̀, sà," ni Boniface wí.

"Ó di Mọ́ńdè nìyẹn."

"Ó ti kú kí n tó yìnbọn, sà. Mo fojú ara mi rí i."

"Ìwọ tó o yìnbọn lo tún fẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí?" Ìnsípẹ́kítọ̀ ti ìwé kan sí i. "Lọ kọ sitétímẹ́ǹtì rẹ. Bí wọ́n bá yìnbọn sí yín, kọ ọ́, ká ti awakọ̀ mọ́lé, ká dá òkú dúró. Bí wọn kò bá yìn ín, kọ ọ́ pé ìwọ lo dá a ṣe láìgba àṣẹ, pé òkú ni ọta rẹ bá, kí o sì fọwọ́ sí i. Ìgbà yẹn ọ̀rọ̀ di tìrẹ, mo lè jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ. Kò sí ìkẹta."

Lọ́dẹ̀dẹ̀, Ọlámúyìwá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ kọ ọ́ pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ yìn ín, ọ̀gá. Èmi wà níbẹ̀, èmi náà á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òkú ò mọ iye tá a ra aṣọ, ṣé ó máa wá mọ Sátidé yàtọ̀ sí Mọ́ńdè?"

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání ju bó ṣe yẹ lọ. Boniface jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì ọlọ́pàá tí wọ́n kọ́ wọn, pé òun gbọ́ ìró ìbọn láti inú ọkọ̀ náà. Ó kọ ìlà mẹ́fà. Ó ronú nípa Agatha, ó ronú nípa okùn kẹta, ó sì ronú pé ìyá náà kò kúkú ní í mọ̀.

Ó wá ku àwòrán. Òfin iṣẹ́ ni pé ẹni tó bá yìnbọn gbọ́dọ̀ ya bí gbogbo nǹkan ṣe wà: ibi tí ìbọn wà, ibi tí ọkọ̀ wà, àti ibi tí olúkúlùkù jókòó. Ó mú bírò àti rúlà, ó jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ibo ni ùghọ jókòó nígbà tí ìbọn dún?" ni ó bi Kúbúrá, ní ohùn Ọ̀wọ̀.

Obìnrin náà wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ibi tí mo wà yìí ni. N kò tíì dìde níbẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, ó ṣì di èjìká ìyá rẹ̀ mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ kò rìn mọ́.

Boniface padà sídìí tábìlì. Ó ya àpótí kan fún Láńdírófà, ó ya òmíràn fún Pijó. Ó fi àgbélébùú sàmì sí Rùfáì nídìí ọkọ̀. Ó fa ìlà kékeré ní ìbú fún òkú, ó ya òbìrìkítí fún Kúbúrá níwájú rẹ̀. Ó wá gbé rúlà lé e láti ẹnu ìbọn dé ojú ihò, ó sì fa bírò lọ. Bírò náà dé ara òkú. Rúlà ṣì gùn sí i, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró. Nígbà tó máa gbé ọwọ́ kúrò, ìlà náà ti wọ àárín òbìrìkítí.

Ó wo ìwé náà. Ó gbójú sókè, ó wo ojú fèrèsé síta, ó rí ẹ̀yìn obìnrin náà tó tò gan-an síwájú ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, irú èyí tí kò bà á nígbà tó ń lé ọkọ̀, tí kò sì bà á nígbà tó ṣí aṣọ. Ó ya sitétímẹ́ǹtì àkọ́kọ́ sí wẹ́wẹ́. Èkejì kò gùn. Ó kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó yìnbọn sí òun. Ó kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó pàṣẹ. Ó fọwọ́ sí i.

Ìnsípẹ́kítọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. "O mọ̀ pé méjì tó wà lápá rẹ yìí gan-an, wọ́n lè gbà á?"

"Mo mọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ. Aago mẹ́ta ti kọjá."

*

Ní yàrá ìbọn, wọ́n ka ọta rẹ̀. Márùn-ún ni wọ́n fún un láàárọ̀, mẹ́rin ló dá padà. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́dẹ̀dẹ̀. Ọlámúyìwá ń gba ẹ̀yìn àgọ́ kọjá kó má baà pàdé rẹ̀.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí Ṣẹ̀fíátù dé. Ó rìn wá ni, òórùn káńfọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó sì mú àkísà aṣọ funfun kékeré kan jáde, irú èyí tó máa ń ṣẹ́ kù bí wọ́n bá gé aṣọ òkú tán.

"Gba nǹkan rẹ," ni ó wí.

Boniface tú u. Ọta náà ni, ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́. Ó ti ń yọ lódì kejì, awọ ló dá a dúró, ìka ni mo fi yọ ọ́. Aṣọ funfun nìkan là ń wọ̀ lọ. A ò lè sin èyí mọ́ ọn, tirẹ̀ kọ́."

"Ṣé ẹ ti sin wọ́n, màmá?"

"A ti sin ín. Oòrùn ò tíì wọ̀."

"Ẹ bá mi bẹ Kúbúrá."

Ṣẹ̀fíátù so ìdí ìró rẹ̀ padà. "N kò ní í jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Sàráà ọjọ́ kẹta ń bọ̀. Ulé Sàlàkọ́ ni, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Wá sọ ọ́ fúnra rẹ." Ó yíjú padà, ó sì ń lọ.

Boniface ṣì di ọta náà mọ́wọ́ nígbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ pè é wọlé. Ọ̀gá náà ń to ìwé sínú fáìlì, ó fẹ́ máa lọ sílé. Ó fi ìka lé àwòrán náà.

"Àṣìṣe wà níbí. Ara òkú ni ọta dúró sí. Kí ló dé tí ìlà rẹ kọjá òkú?"

Boniface wo ìlà náà, ó wo òbìrìkítí tó wà ní òpin rẹ̀.

"Ibẹ̀ ló ń lọ, sà."

Ìnsípẹ́kítọ̀ fi ìwé náà sínú fáìlì bó ṣe wà.