Ọwọ́ Abẹ́ Ìborùn

"Má fà á tó bẹ́ẹ̀. Orí èèyàn ni, kì í ṣe okùn ewúrẹ́."

Adéfẹ́mi dẹ ọwọ́ díẹ̀. Ó tún irun ìyá rẹ̀ mú, ó pín in sí mẹ́ta, ó sì ń dì í lọ láti ẹ̀gbẹ́ etí sí àtàrí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Orí ẹní ni obìnrin náà jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti orúnkún ọmọ rẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé. Níta, ọyẹ́ ti bo gbogbo àdúgbò Joju. Àwọn òpó èéfín ilé iṣẹ́ tó wà lápá Sango kàn ń yọrí lókèèrè bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á tún rì. Òórùn bísíkíìtì ń bá kùrukùru náà wọlé, àfi bí ẹni pé ẹnì kan ń yan ọyẹ́ fúnra rẹ̀ nínú ààrò.

"Àwọn ọmọ bísíkíìtì ti jáde ní ṣíìfù," ìyá wí. Ohùn rẹ̀ jìn bí ohùn ẹni tó wà ní yàrá kejì. "Sọ fún wọn kí wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn. Mi ò fẹ́ ariwo."

"Mo ti sọ fún wọn, Màámi."

Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti lé ní ọdún méjì tí èèyàn ti tò síbẹ̀ kẹ́yìn.

Nígbà kan, bí o bá dé Joju tí o béèrè ilé Ìyábọ̀ Onídìrí, ajá àdúgbò gan-an á mú ọ débẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ wá ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kì í lọ sílé láìkọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ìkòkò ẹ̀wà kan tó rọ̀, Ìyábọ̀ á ti parí orí méjì, á sì ti dá ẹjọ́ ọkọ mẹ́ta. Ọkọ tirẹ̀ kú nígbà tí Adéfẹ́mi wà ní kékeré. Irun ló fi tọ́ ọmọ náà dé yunifásítì. Àfi lọ́jọ́ kan tí òòyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì lè dìde mọ́. Láti ọjọ́ náà ni apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú. Òun kò gbà pé wọ́n kú. Ó ní wọ́n sùn ni.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí ọmọ òkété yóò ṣe bí ó bá ní lẹ́kíṣọ̀ ní agogo mẹ́jọ. Adéfẹ́mi ló ń wẹ ìyá rẹ̀, òun ló ń fún un ní ògì mu, òun ló ń yí i padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà bó. Irun nìkan ni kò mọ̀ ọ́n dì tẹ́lẹ̀. Ẹnu ni ìyá fi kọ́ ọ, nítorí kò gbà kí onídìrí mìíràn fọwọ́ kan orí òun. Ṣùkú ló máa ń dì fún un, kí gbogbo irun lè kó jọ sí òkè orí, kí ìrọ̀rí má baà máa ni ín lára ní ìpàkọ́.

Ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá, ìdánwò méjì ni kò rí ṣe, nítorí kò rí ẹni tí yóò jókòó ti ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló rí ìwé kan lára ògiri ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ máa fi owó ran akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tọ́jú ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó lè gba ẹni tí yóò dúró nílé nígbà tí òun bá wà ní kíláàsì. Ó kọ orúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n a kì í fárí lẹ́yìn olórí: ẹnì kan yóò wá fi ojú ara rẹ̀ rí ìyá náà, ìyá náà yóò sì tẹ ìka sí fọ́ọ̀mù pé lóòótọ́ lòun nílò ìtọ́jú. Òní ni ẹni náà ń bọ̀.

Bí kò bá bọ́ sí i, ọjọ́ Mọ́ńdè ni Adéfẹ́mi yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ irin kan, níbi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ephraim ti bá a gba àyè sílẹ̀. Òru fún irin, ọ̀sán fún ìyá. Ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni kò ní rí tirẹ̀ gbà. Aṣọ iṣẹ́ náà, aláwọ̀ búlúù, ti wà lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé Ephraim ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

"Mo lálàá," ìyá wí.

"Kí lẹ rí?"

"Ọwọ́ mi yìí ni. Ó dìde, ó fi mí sílẹ̀ lórí ibùsùn, ó bọ́ sí títì. Ó rìn títí ó fi dé ìlú Àtàn. Gbogbo orí tó bá pàdé ló ń dì. Mo ń pè é, kò dá mi lóhùn."

"Ṣé ó dì wọ́n dáadáa?"

"Ó dì wọ́n ju bí èmi ṣe ń dì wọ́n lọ. Ó dùn mí."

"Ṣé ó padà wá?"

"Mi ò mọ̀. Ìwọ lo jí mi pé kí n wá mu ògì."

Ibi tó ti ń so irun tó kẹ́yìn ni Ìyá Al-Ameen, alájọgbélé wọn, ti wọlé. Ṣùkúrát lorúkọ rẹ̀ gan-an, ọṣẹ àti kànìnkànìn ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà. Òun nìkan ló máa ń yọjú wo Ìyábọ̀ bí oníbàárà kò bá pọ̀. Adéfẹ́mi bẹ̀ ẹ́ kó bá òun jókòó ti ìyá títí òun yóò fi lọ pàdé àlejò ní ibùdókọ̀. Ó fi kún un pé kó jọ̀ọ́, kó fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà: póò, oògùn, àga onítáyà, gbogbo rẹ̀ pátá.

"Àlejò láti yunifásítì," Ìyá Al-Ameen wí. Ó wo póò. Ó wo Adéfẹ́mi. "Ó dáa. Máa lọ, ọkọ mi."

Orúkọ àlejò náà ni Ìyáàfin Yéwándé Fákọ̀yà, obìnrin tó ti sún mọ́ àádọ́ta ọdún, awò lójú, fáìlì lábíyá. Wọ́n jọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá gba inú ọyẹ́ kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ń yọ sí wọn láti inú funfun náà, eruku lórí ìpéǹpéjú wọn, wọ́n á sì pòórá bí ọ̀rọ̀ tí èèyàn rántí tó tún gbàgbé. Obìnrin náà ní ilé kẹrin tí òun ń dé lọ́sẹ̀ yìí nìyí, àti pé ohun tí ojú òun bá rí nìkan lòun lè kọ. Adéfẹ́mi fi í lọ́kàn balẹ̀. Ó ní ojú wọn á rí i.

Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, ó kọ́kọ́ rò pé òun ti ya ilé onílé.

Kò sí póò. Kò sí oògùn. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ olódòdó sórí ibùsùn, àga onítáyà sì ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn dé yàrá Ìyá Al-Ameen. Òórùn tùràrí ti lé ti ìpara kúrò. Orí àga ìrọ̀gbọ̀kú ni wọ́n gbé ìyá rẹ̀ sí, nínú léèsì tó wọ̀ kẹ́yìn lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ wọ yunifásítì, tìróò lójú, ìborùn funfun láti èjìká dé itan. Abẹ́ ìborùn náà ni ọwọ́ ọ̀tún wà. Ó lẹ́wà. Ó dà bí ìyá tí èèyàn máa ń rí lójú àlá, tí ara rẹ̀ ti yá, tí olúwa rẹ̀ kò sì ní fẹ́ jí.

Ìyá Al-Ameen dúró ní kọ̀rọ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Kò sí ibì kan lára rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ṣẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, ìyá wa," Ìyábọ̀ wí. "Ẹ jókòó. Ẹ bá mi fún àlejò lómi."

Ìyáàfin Fákọ̀yà kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó jókòó, ó ṣí fáìlì, ó béèrè àlàáfíà.

"Ara le. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ó béèrè bóyá ó lè dìde fúnra rẹ̀.

"Ta ni kì í dìde bí ilẹ̀ bá ti mọ́?"

"Ta ló ń wẹ̀ yín, Màmá?"

"Omi ni."

Ìyá Al-Ameen rẹ́rìn-ín. Bíírò ń lọ lórí ìwé, Adéfẹ́mi sì ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ìró ayùn lára ẹ̀ka tó jókòó lé.

Kì í ṣe irọ́ ni ìyá ń pa. Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, bí wọ́n bá béèrè ara lọ́wọ́ ẹni, dáadáa lèèyàn ń wí, ì báà jẹ́ orí ẹní àìsàn ló wà. Àdúrà ni, kì í ṣe èsì. Ìyáàfin Fákọ̀yà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí òun náà sí. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kò mọ àdúrà. Ọmọ kò sì gbọdọ̀ ká aṣọ kúrò lára ìyá rẹ̀ lójú àlejò.

Obìnrin náà pa fáìlì dé. Ó ní inú òun dùn pé ara màmá le, òun á lọ kọ ohun tí òun rí. Ó wo Adéfẹ́mi bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ṣe ń wo ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Adéfẹ́mi gbójú kúrò, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí aṣọ búlúù tó wà lára ìṣó. Ìyá Al-Ameen kó gbogbo nǹkan, kò kó ìyẹn. Nígbà tó máa yíjú padà, ó rí i pé aṣọ náà ni ìyá òun náà ń wò.

Ìyáàfin Fákọ̀yà gba ẹ̀yìn àga kọjá, ó fẹ́ máa lọ. Ó dúró.

"Irun yìí mà dáa o. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ṣùkú tó jókòó báyìí. Ta ló bá yín dì í?"

"Obìnrin kan ní Sango ni," Ìyá Al-Ameen tètè fèsì.

Níta, fèrè ilé iṣẹ́ kan dún, ó gùn, ó tún wọ inú ọyẹ́ lọ.

"Irọ́ ni," Ìyábọ̀ wí.

Àwọn onídìrí ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé. O lè fi àìsàn rẹ pamọ́, o lè fi ọjọ́ orí rẹ pamọ́, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Bí ọmọṣẹ́ bá di orí tó dára, ọ̀gá gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta lójú èrò, bó tilẹ̀ ń ta á lára.

"Ọmọ mi ló dì í. Ẹ wo ìlà apá ọ̀tún, ó wọ́. Ẹ má fi bú u. Ọrùn mi ni kì í yí síbẹ̀ mọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní bí ọ̀bẹ bá mú títí, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ mú mọ́, ìyá wa. Òun ló ń wẹ̀ mí. Òun ló ń gbé mi. Fẹ́mi, ká ìborùn yìí kúrò."

"Màámi..."

"Ká a kúrò. Aṣọ ara ìṣó yẹn kì í ṣe ìwọ̀n ẹ."

Ó kúnlẹ̀, ó ká a. Ọwọ́ náà wà lórí itan nínú léèsì dáradára yẹn, ó ká kò bí ewé tí oòrùn pa. Ìyá Al-Ameen gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gbé àga onítáyà wọlé. Ó tún jáde, ó kó oògùn wá. Ó tún jáde, ó gbé póò wá, ó sì gbé e sí àyè rẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń dá ohun olóhun padà.

Ìyáàfin Fákọ̀yà ti jókòó padà. Ó ya ojú ìwé tó ti kọ, ó mú òmíràn, ó sì tún gbogbo ìbéèrè rẹ̀ bi í láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn pẹ̀lẹ́ ni ìyá fi ń dáhùn, ó sì ń dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Nígbà tó kan ìka títẹ̀, àlejò gbé tàdáwà jáde, ó ní ọwọ́ tó bá wù wọ́n ni, òsì á rọrùn jù.

"A kì í fi òsì gba oore," Ìyábọ̀ wí. "Ọ̀tún ni."

Adéfẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, láìfà á, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa tú irun tó ta kókó. Ó pẹ́. Kò sẹ́ni tó kán an lójú. Ó mú àtàǹpàkò náà, ó tẹ̀ ẹ́ sínú tàdáwà, ó gbé e sórí fọ́ọ̀mù, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Nígbà tó gbé e kúrò, ìyá ní kí wọ́n gbé ìwé náà sún mọ́ òun. Ó wo àwọn ìlà wínníwínní náà, bí wọ́n ṣe ń yí ká tí wọ́n ń kó jọ sí àárín.

"Ṣùkú," ó wí. "Kò sì sí èyí tó wọ́ nínú ìlà rẹ̀."

Àlejò ní òun kò lè ṣèlérí, ìgbìmọ̀ ni yóò jókòó lé e, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ohun tí òun rí ni òun máa kọ, òun sì rí i. Adéfẹ́mi sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Bó ṣe ń padà bọ̀, ó yọ aṣọ búlúù kúrò lára ìṣó, ó ká a wẹ́rẹ́, ó sì kì í bọ inú ọ̀rá láti dá a padà fún Ephraim. Ojú ìṣó náà ṣófo.

Ọyẹ́ ti ń ká kúrò, oòrùn pupa rẹ́súrẹ́sú kan sì ti ń wọ ojú fèrèsé. Òórùn bísíkíìtì tún dé. Wọ́n gbé ìyá sórí ibùsùn, orí rẹ̀ rọra wọ ìrọ̀rí. Adéfẹ́mi rẹ aṣọ sínú omi ọṣẹ, ó mú ọwọ́ ọ̀tún náà láti nu tàdáwà kúrò lára rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ìyá wí. Ojú rẹ̀ ti ń pa dé. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni."