Okùn Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Adéfúnkẹ́, ìyàwó Akínwọlé, kì í pa àwàdà mọ́nú, àní bó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1956, dókítà obìnrin kan l'Ọ́wọ̀ sọ fún un pé kò gbọdọ̀ lóyún mọ́, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti fi abẹ gbé ọmọ jáde nínú rẹ̀. Adéfúnkẹ́ gbá ikùn rẹ̀ pàá. "Dókítà, ẹ ò bá ti kúkú bá mi rán bọ́tìnì sí i látọjọ́ yìí!"

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà, èyíkéyìí tó bá sì mú, kò sí àyípadà. Wọ́n lè so ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà: ilé ọmọ á wà níbẹ̀, nǹkan oṣù á sì máa wá. Wọ́n sì lè yọ ilé ọmọ pátápátá, torí kókó kékeré kan ti ń hù lára rẹ̀: nǹkan oṣù á dá gbére.

"Èmi ì bá so ó," ni dókítà wí. "Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kéré."

Ṣùgbọ́n okùn ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn ní àdúgbò Idasen ló wà lọ́kàn Adéfúnkẹ́, níbi tó máa ń sá àkísà nǹkan oṣù rẹ̀ sí. Ìyá ọkọ rẹ̀, Yèyé Ọmọ́yẹlé, a máa ṣọ́ okùn yẹn bí ẹni ń ṣọ́ ẹran tí wọ́n sá sóòrùn. Bí àkísà bá ti hàn, Yèyé á pòṣé: "Oṣù yìí náà tún lọ lásán!" Adéfúnkẹ́ ní kí wọ́n yọ ọ́. Àkísà tán, òṣé tán. Òun àti Akínwọlé fohùn ṣọ̀kan pé kókó ni àwọn á sọ fún Yèyé pé wọ́n yọ.

Ọlọ́gbọ́n obìnrin! Ó gbàgbé pé obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí kò sá àkísà mọ́, oyún layé ń kà sí i lọ́rùn.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, Yèyé wo okùn tó ṣófo, ó sì gba korobá lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Fúnmiọlá, jókòó jẹ́ẹ́. Ọkọ mi tó kú ń padà bọ̀ wálé."

Ẹja gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọbẹ̀, Adéfúnkẹ́ ló sì ni orí ẹja. Ojoojúmọ́ ló ń pète àtisọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹja ń dùn, ojú Yèyé sì ń dán bí ojú ọmọge. Ó jẹ títí ikùn fi yọ. "Ẹ wá wò ó!" ni Yèyé ń ké sí ará àdúgbò. Ẹja ló wà níbẹ̀, ẹja àti iyán.

Lọ́jọ́ kan, Yèyé yọ̀ ṣubú lọ́nà odò pẹ̀lú omi tó pọn fún aboyún rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ wú bí orí ọmọ tuntun. Adéfúnkẹ́ ń fi òrí ra á nígbà tí ẹkún gbé e. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Yèyé ò pariwo. Ó yíjú sí igi ọsàn ẹ̀yìn ilé.

"Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

"Sin kí ni, Yèyé?"

"Ilé ọmọ ọ̀hún. Ibi ọmọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi ni mo fi ìkòkò gbé wọn wálé nínú lọ́rì, orí itan mi báyìí. Èmi ni mo rì wọ́n sábẹ́ ọsàn yẹn. Ilé tí àwọn ọmọ ọmọ mi ti jáde wá ńkọ́? Ta ló bá wa rì í?"

Adéfúnkẹ́ wá àwàdà tí yóò fi dáhùn, kò rí. Ó ti bi dókítà léèrè ìgbà tí òun á tún lè gúnyán, ó ti bi í léèrè ìgbà tí ọkọ òun á tún lè sún mọ́ òun, gbogbo nọ́ọ̀sì sì ti rẹ́rìn-ín títí. Kò béèrè ìyẹn.

"N ò mọ̀, Yèyé."

"Ká ní o jẹ́ kí wọ́n so ó, ì bá ṣì wà lára rẹ." Yèyé rọra fa orúnkún rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó tó. Lọ nu ọwọ́ rẹ."

Adéfúnkẹ́ jókòó síbẹ̀, òrí ń yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.